A ti rẹ́lé tán, owó kù díẹ̀: èwo ni ká ná an lé, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Tíṣà Ajílété

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ilé tí mò ń kọ́ lọ́nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí náà ni mo tún gbé dé. Ọlọ́run ṣe é, a ti kan òrùlé, a ti rẹ́ ẹ nínú rẹ́ ẹ lóde, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, balùwẹ̀ méjì. Owó tó kù lọ́wọ́ mi ni èyí tí mo yá nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa, ọdún méjì gbáko ni wọ́n á fi máa yọ ọ́ lára owó oṣù mi, ìyẹn ni pé bí mo bá ti ná an tán, kò sí òmíràn níbì kankan. Onílé tá a wà lábẹ́ ẹ̀ sì ti ní òun fẹ́ lo ilé òun, Disẹ́ńbà la gbọ́dọ̀ kó jáde.

Wàyí o, ìyàwó mi rí fọ́tò balùwẹ̀ kan lórí fóònù, ṣáwà tó tóbi bí àwo ìrẹsì òde ìnáwó, páìpù ẹ̀ ò hàn síta rárá, inú ògiri ni gbogbo ẹ̀ wà, ó ní èyí lòun fẹ́. Púlọ́ńbà ní ó wọ́n ṣùgbọ́n ó dáa. Onísíìlì ní POP, síìlì ẹfun funfun yẹn, ló kù. Onítáìlì ní ká tẹ̀ lé òun dé ṣọ́ọ̀bù kan tóun mọ̀. Gbogbo wọn ló ń mú ìwé owó wá bá mi bí ẹni mú ìwé ẹjọ́ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé, èwo lẹ náwó lé tẹ́ ẹ kábàámọ̀, èwo lẹ ṣahun sí tó padà jẹ yín níyà?

Ìyá Ìbejì Sábó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín, ẹ ní Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n fi ṣáwà inú ògiri yẹn sílẹ̀. Mo ṣe é. Fọ́tò lèmi náà rí. Ọdún àkọ́kọ́ ò ní wàhálà, gbogbo àlejò ni mo ń mú lọ wò ó bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. Ọdún kejì ni mo fa aṣọ òfì tí mo fi ṣègbéyàwó jáde nínú wọ́dúróòbù tó fẹ̀yìn ti ògiri balùwẹ̀ yẹn, ó ń rùn bí omi ẹ̀kọ ọjọ́ mẹ́rin, ìdí ẹ̀ ti hu funfun. Mo rò pé òrùlé ló ń jò, káfíńtà gùn ún lọ sókè, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri ni mo tó mọ̀, ó tutù bí ara àmù. Omi ti ń sun lẹ́yìn táìlì látọjọ́ tó ti pẹ́, kò gba inú balùwẹ̀ tá a ti lè tètè rí i, inú yàrá ló ń gbà.

Táìlì 9 la fọ́ ká tó rí ibi tó ti ń jò. Táìlì ọ̀hún ò sì sí lọ́jà mọ́. A wá a ní Òwódé, a wá a dé Ìlọrin, àwọ̀ tó sún mọ́ ọn la fi dí i, ẹni bá wọ balùwẹ̀ mi lónìí á rò pé ẹ̀wù alákìísà la gbé kọ́ ògiri. Ìyẹn nìkan kọ́ o, nǹkan kékeré tó wà nínú ẹ̀ tó ń ṣí omi tó tún ń tì í, tí wọ́n ń pè ní kátíríìjì, ló bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní irú ẹ̀. Páìpù tó hàn síta ni mò ń lò báyìí, táàpù ọlọ́wọ́ méjì, tó bá bàjẹ́ ọmọ púlọ́ńbà àdúgbò á fi sípánà tú u ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á so tuntun mọ́ ọn, ó parí.

Ọmọ Under-G

Ẹ̀wù alákìísà ke! Mọ̀mí ẹ má bínú, ẹ̀rín ló pa mí.

Púlọ́ńbà Táki

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mi ò ní torí oúnjẹ mi purọ́. Ṣáwà inú ògiri ò burú fúnra ẹ̀, ohun tó burú ni pé wọ́n á ti lẹ táìlì bò ó kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò. Páìpù oníke tí wọ́n ń pè ní PPR tá à ń lò báyìí, ooru la fi ń so ó, ẹ̀rọ gbígbóná la ó fi yọ́ ẹnu páìpù àti ẹnu ìsopọ̀ ẹ̀ ká tó kì wọ́n bọ ara wọn. Tí ò bá gbóná tó, kò ní mú ara wọn dáadáa, á máa sun omi díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbóná jù, á yọ́ dí ọ̀nà omi látinú, ẹ ò ní rí i níta, ẹ máa kàn rí i pé omi ń dá jáde bí ìtọ̀ arúgbó ni.

Torí náà kí onítáìlì tó gbé ọwọ́ sókè rárá, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà yín dí gbogbo ẹnu páìpù pa, kó so pọ́ńpù ìdánwò mọ́ ọn, kó fún un lómi kí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára omi gòkè, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ya fọ́tò abẹ́rẹ́ yẹn nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tún yà á láàárọ̀. Tó bá ti já wálẹ̀ gidi, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Púlọ́ńbà tó bá ní òun ò ní pọ́ńpù ìdánwò, ẹ ní kó lọ yá a, a máa ń yá ara wa.

Tíṣà, mo ní ìbéèrè kan. Irin tẹ́ ẹ máa gbé táńkì sí, báwo ló ṣe ga tó?

Tíṣà Ajílété

Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni wẹ́dà sọ. Bọ́họ̀ọ̀lù la gbẹ́, pọ́ńpù kan ṣoṣo tó ń fà á sókè náà la ní.

Púlọ́ńbà Táki

Mo fura. Ẹ gbọ́ ná. Omi gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 10 ga ju ẹnu táàpù lọ kẹ́ ẹ tó rí agbára tí wọ́n ń pè ní bar 1. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ò pé mítà 4. Orí ṣáwà fúnra ẹ̀ ti gba bíi mítà 2 níbẹ̀, ẹ wá ka omi inú táńkì mọ́ ọn nígbà tó bá kún, ohun tó wà lókè orí ṣáwà yín á wà ní bíi mítà 3, ìyẹn ò dé ìdá mẹ́ta bar kan. Ṣáwà àwo ìrẹsì tí màdáàmù fẹ́ yẹn, ẹ yí páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀, èyí tí mo máa ń rí, bar 1 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ máa náwó tán, á wá máa kán tó, tó, tó sí yín lórí. Wọ́n á ní púlọ́ńbà ò mọṣẹ́.

Ẹ lè gbé táńkì ga sí i, irin ni yóò jẹ owó. Ẹ lè ra pọ́ńpù kékeré tó ń ti omi, àmọ́ tí ò bá sí iná kò sí ṣáwà. Èyí tí mo máa ń sọ fún ẹni tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n ni pé kó ra ṣáwà kékeré olójú wẹ́wẹ́, kó sì jẹ́ kí páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí táńkì fẹ̀ dáadáa, kó má tíì dín in kù àfi tó bá dé ẹnu balùwẹ̀.

Lórí táàpù, ẹ gbé e lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó rà á. Bíràásì, ìyẹn idẹ, wúwo. Àwọn tó ń dán yinrinyinrin yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìwé lọ́wọ́ yín, ọ̀dà ló ń dán, ẹnu ibi tó ti wọ páìpù á fọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹnu tó fọ́ ọ̀hún á sì kù sínú ògiri. Ẹ tún bi wọ́n bóyá kátíríìjì ẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún títà. Tí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ gbé e sílẹ̀.

Tíṣà Ajílété

Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ìyàwó mi létí. Ó dákẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú méjì, ó wá ní ṣé ẹ ò wá lè gbé táńkì ọ̀hún ga ni.

Ìyá Ìbejì Sábó

Haa! Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Oníná Adúláwọ̀

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbi tí púlọ́ńbà gbé e dé, torí wáyà náà, inú ògiri ló ń gbé. Ẹ̀yin ará wa á ra gílóòbù olówó ńlá sí pálọ̀, wáyà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ bá ṣáà ti mú wá. Tíṣà, nọ́ńbà sísanra wáyà ni mò ń pè yìí, mílímítà onígun ni: wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tẹ́ ẹ bá ń ronú AC sí lọ́jọ́ iwájú, ẹ fa 4 síbẹ̀, kúkà oníná tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, 6. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi 1.5 ṣe gbogbo ẹ̀ kí owó lè dínkù, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Mo ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lára ògiri rí tí ìyá ilé fi ń lọ aṣọ láràárọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin, ẹ̀yìn ẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là, wáyà ti dúdú wọ inú ògiri bí i ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò mọ̀, wọ́n ní òórùn kan kàn máa ń wá nígbà míì.

Ayédèrú wáyà pọ̀ lọ́jà. Ẹ gé ìwọ̀n ìka kan nínú ẹ̀, ẹ bó o, ẹ fi ọ̀bẹ họ ojú bàbà ẹ̀. Tó bá funfun nísàlẹ̀, alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi bàbà pa lára. Ẹ tún mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, tó bá fà á, irin ni, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jáde. Kẹ́ ẹ sì rántí pé róòlù míì ò pé, wọ́n á ti já lára ẹ̀, ẹ kà á bó ṣe yí po.

Ohun tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe báyìí tí kò wọ́n, tó sì máa wọ́n gan-an tẹ́ ẹ bá ti kun ilé tán: ẹ ní kó fa ìlà gílóòbù, fáànù, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí gbogbo ẹ̀ parí sí ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà iná. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pèsè sólà àti ínfátà, wọ́n á kàn so ó mọ́bẹ̀ ni. Àwọn tí ò ṣe é ló ń fọ́ ògiri káàkiri báyìí, tàbí tí wáyà ń rá lójú síìlì wọn bí ejò. Kí ẹ sì má gbàgbé irin tí a rì mọ́ ilẹ̀ fún ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ni kẹ́ ẹ fi sójú gbogbo ẹ̀ ná. Ṣàndélíà ò sá lọ.

Ọmọ Òkè-Òkun

Ọ̀rọ̀ yín dùn. Èmi wà lókè òkun, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bójú tó ilé mi nílé, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé WC kalẹ̀ ni wọ́n rí i pé ihò ìdọ̀tí wà nílẹ̀, WC tá a rà sì ń yọ ẹnu sẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀, wọ́n ní páálí ti ṣí. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù kan gbé e yí, láti ìgbà náà ló ti ń dí. Tíṣà ẹ yẹ tiyín wò.

Tíṣà Ajílété

Ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sókè lára mi o. Mo ti ra WC méjì látoṣù kẹta nígbà tí wọ́n ní owó fẹ́ gòkè, wọ́n wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Púlọ́ńbà Táki

Ẹ tú páálí, ẹ yí WC sẹ́yìn. Tí ihò ẹ̀ bá kọjú sílẹ̀, S-trap nìyẹn, ti ihò ilẹ̀ ni. Tó bá yọ ẹnu sẹ́yìn bí i ẹnu ìkòkò tó dùbúlẹ̀, P-trap ni, ti inú ògiri ni. Lẹ́yìn náà ẹ wọn àárín ihò ilẹ̀ sí ògiri, ẹ wá wọn àárín ihò WC sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í rèé: ara ògiri tó ṣì wà ní ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n sí. Táìlì àti sìmẹ́ǹtì abẹ́ ẹ̀ máa gba bí íǹṣì kan níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó ṣírò.

Àlájà Onítáìlì

Sàlámù àlékùm o. Táìlì ni mò ń tà, mo máa sọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa bínú sí. Tíṣà, ṣọ́ọ̀bù tí onítáìlì yín ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé òun dé yẹn, ohun ọwọ́ ń bẹ fún un lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí òwò ṣe rí nìyẹn, èmi náà ń fún wọn. Àmọ́ ẹ dá wá lọ́jọ́ kan ṣáájú, ẹ bèèrè iye ẹ̀, kẹ́ ẹ tó mú un wá lọ́jọ́ kejì kó wo iṣẹ́ ara ẹ̀. Ẹ óò rí i bóyá iye ọ̀hún gùn òkè lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ìṣirò kí ẹnikẹ́ni má tà yín láṣerégèé. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú páálí, mítà onígun 1.44 ló máa bo. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, mítà onígun 13.4 ni. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e fún gígé àti fífọ́, ó di bí 14.7, ẹ pín in sí 1.44, ó lé ní 10 díẹ̀, páálí 11 nìyẹn. Onítáìlì tó bá ní kẹ́ ẹ ra 15 fún yàrá yẹn, ẹ bi í pé ilé ta ló fẹ́ bá wa fi mẹ́rin yòókù ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á géérégé náà o! Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí kó jọra, torí táìlì kan náà tí wọ́n sun lọ́jọ́ ọ̀tọ̀, àwọ̀ ẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, ẹ ò ní rí i ní ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ pálọ̀ ni yóò ti fara hàn nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wọlé. Kẹ́ ẹ sì fi páálí kan pamọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ àbí? Páálí kan péré!

Ilẹ̀ balùwẹ̀, kíṣìnnì àti àgbàlá iwájú, táìlì tí ojú ẹ̀ ò dán, tí kì í yọ̀, ni. Àwọn èèyàn ń lẹ dídán síbẹ̀ torí pé ó ku díẹ̀ lára ti pálọ̀. Ìyá àgbà á wá kí ọmọ-ọmọ, á fi ẹsẹ̀ tó tutù tẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ sọ ìyókù. Kí ilẹ̀ balùwẹ̀ sì dà díẹ̀ sápá ihò omi. Ẹ da ife omi kan sí i kẹ́ ẹ tó san owó iṣẹ́, ẹ dúró kẹ́ ẹ wo ibi tó ń sáré sí.

Nípa àwọ̀, ẹ mọ erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa àti eruku ọyẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa nu táìlì funfun ọ̀hún, èmi kọ́. Àwọ̀ eérú tàbí bí i ti yanrìn, kí ohun tẹ́ ẹ máa fi dí ojú ìlà sì dúdú jù ú lọ díẹ̀.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Tíṣà, ọmọ mi, ilé tèmi, tẹ̀ràsó, ìyẹn sìmẹ́ǹtì olókúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń họ títí á fi dán, ni wọ́n rọ sílẹ̀ ẹ̀ ní 1984, ọmọ mẹ́fà ló sá eré lórí ẹ̀, odó ti jábọ́ sí i, ó ṣì ń dán tá a bá nù ún. Ẹ ti gbàgbé tẹ̀ràsó ni. Àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn tó lè ṣe é dáadáa ò pọ̀ mọ́, n ò ní fi jà.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyí. Kí ló dé tó fi ní láti parí balùwẹ̀ méjì kó o tó wọlé? Jẹ́ kí púlọ́ńbà fa páìpù ti kejì tán, kó dán an wò bó ṣe ní, kó dí ẹnu ẹ̀, kó o ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Parí ọ̀kan. Yàrá àwọn ọmọ, jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dán ilẹ̀ ẹ̀, tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà sí i. Gbogbo ohun tó wà nínú ògiri àti nílẹ̀, ṣe é pé. Ohun tó wà lójú, jẹ́ kó dúró dè ẹ́. Èmi wọ ilé mi láìsí síìlì ní yàrá méjì.

Fèrèsé ni mi ò ní jẹ́ kó o fi ṣeré. Wọ́n á sọ fún ẹ pé èyí tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ ló pọ́ọ́kú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ ló máa ń ṣí, ìdajì kejì á ti fara bo ó. Ra èyí tó ń ṣí sẹ́yìn gbayawu. Ooru Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù kẹta o mọ̀ ọ́n. Iye tó fi wọ́n jù yẹn ò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ tó o máa fi lo fáànù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ńkọ́, o fi sí ìṣirò?

Ìyá Ìbejì Sábó

Bàbá, mo gba gbogbo ẹ̀ àyàfi ọ̀kan. Ẹni tó bá kó wọ ilé tí ò parí, ibẹ̀ náà ló máa ń dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún kan lòun fẹ́ fi gbé e bẹ́ẹ̀, ó ti pé ọdún 6, ilẹ̀ yàrá àwọn ọmọ ò tíì ní táìlì, torí gbogbo owó tó bá yọ, ọ̀ràn míì ti dúró dè é. Ìyàwó ẹ̀ ò sì yéé sọ ọ́ lójú àlejò.

Bàbá Fẹ̀yìntì

Ṣùgbọ́n ọdún 6 ni kò fi san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó kò sọ ìyẹn lójú àlejò.

Ọmọ Under-G

Bàbá ti fi bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Káfíńtà Àgbà

Kúkúrú ni tèmi. Ilẹ̀kùn iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ náwó lé e, kọ́kọ́rọ́ gidi. Ti inú yàrá, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ bo ara wọn yẹn máa ṣe é ná. Balùwẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ má gbé e sí, ìdí ẹ̀ á mu omi, á wú, á máa họ ilẹ̀, láàárín ọdún méjì á ti là bí ìwé. Alumíníọ́ọ̀mù tàbí oníke ni ti balùwẹ̀. Kábíńẹ́ẹ̀tì abẹ́ síǹkì náà, ẹ má fi pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ pọ̀ ṣe síbẹ̀ o, omi kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró, ká fi ilẹ̀kùn nìkan sí i lójú. Kó sì jẹ́ pé pákó tó ti gbẹ ni wọ́n ń kàn fún yín, èyí tó bá tutù, ọyẹ́ á fà á súnkì, ẹ máa rí òde láàárín férémù.

Tíṣà Ajílété

Ẹ ṣeun o. Síìlì ńkọ́? Onísíìlì ń pè mí lójoojúmọ́.

Oníná Adúláwọ̀

POP ẹ̀ lẹ́wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ páànù kan tó jò lẹ́ẹ̀kan, ó ti di àwòrán máàpù lókè orí yín, àtúnṣe ẹ̀ ò sì rọrùn. Oníke máa ń ṣeé yọ, mo lè yọ ọ̀pá kan kí n wọlé tún wáyà ṣe kí n dá a padà. Èmi á ṣe oníke káàkiri, tí màdáàmù bá ta kú, POP ní pálọ̀ nìkan. Ìyẹn tún máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lórí ṣáwà, haha.

Ìyá Ìbejì Sábó

Èmi àti wọn ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi ṣáwà sílẹ̀. Wọ́n ní POP pálọ̀ ni o.

Àlájà Onítáìlì

Ẹ má sáré kun ilé náà o. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ẹ tán, bí òjò bá ń rọ̀ kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àbúrò mi, ọ̀dà ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, iyọ̀ funfun ń yọ lábẹ́ ẹ̀.

Tíṣà Ajílété

Ẹ̀yin ará, mo ti ń bọ̀. Púlọ́ńbà ti dán páìpù wò láàárọ̀ àná, mo ya abẹ́rẹ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo tún lọ yà á láàárọ̀ yìí kí n tó lọ síléèwé, ó wà níbi tí mo fi í sí, àfi ti balùwẹ̀ àwọn ọmọ tó ti já wálẹ̀. Ó tú ìsopọ̀ kan lábẹ́ ibi tí béésìn máa wà, mo rí i fúnra mi, ẹnu páìpù ò wọlé ju ìdajì èékánná lọ. Ọmọọṣẹ́ ló so ó. Ó ti gé e, ó tún un ṣe, a tún ń dúró de àárọ̀ ọ̀la.

Wẹ́dà ti gbà láti fi ẹsẹ̀ bàtà 3 kún irin táńkì, ṣáwà kékeré la rà. Wáyà tí oníṣẹ́ mi mú wá, mo họ ọ́ lójú ẹ̀. Funfun. Kò wí nǹkan kan, ó kó o padà sínú ọ̀rá. Mo ti ní kó jẹ́ ká jọ lọ rà á lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni máa sanwó.

Ti Bàbá, mo ṣì ń rò ó. Balùwẹ̀ àwọn ọmọ ló jọ pé a máa tì pa ná, bí owó bá ṣe rí.

Ẹ wá gbọ́ ti WC. Mo tú páálí méjèèjì sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Fọ́tò kan náà ló wà lára wọn, iye kan náà ni mo rà wọ́n, ọjọ́ kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ọ̀kan kọjú sílẹ̀, ìkejì yọ ẹnu sẹ́yìn! Ihò méjèèjì tó wà nílé mi, nílẹ̀ ni wọ́n wà. Mo pe ọlọ́jà, ó ní bí kò bá tíì kan sìmẹ́ǹtì kí n gbé e wá, òun á pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ Ìlọrin ni. Ta ló ń gbé mọ́tò lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé tó láyè nínú búùtù? Ó ti wà nínú páálí ẹ̀ padà, mo fi aṣọ àtijọ́ wé e.

Ọmọ Under-G

Tíṣà, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń lọ. Ẹ gbé e wá sí Táki, mi ò lè wọ ọ̀nà yín, mọ́tò mi ò ga.